Àwa Náà Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Nígbà Kan

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò tíì pẹ́. À ń bu ìrẹsì fún àwọn ọmọdé, àwa òbí bíi mẹ́fà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, à ń tàkúrọ̀sọ. Ẹnì kan láàárín wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ní òun àti ìyàwó òun ti ń wá ilé sí Grays, pé Dagenham kò ṣeé gbé mọ́. Ó ní, "Àwọn àjèjì yìí ti pọ̀ jù. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn sínú yàrá kan ṣoṣo, tí wọ́n á wá da ìdọ̀tí síwájú ilé!" Gbogbo wa mirí. Èmi náà mirí, n kò ní parọ́.

Nígbà tí a wọ mọ́tò tí à ń lọ sílé, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, tó ti ń ta etí sí wa láti ìdí tábìlì oúnjẹ, bi mí pé, "Mummy, àwọn wo ni àjèjì? Ṣé kì í ṣe àwa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni?"

A ti dé Heathway kí n tó rí nǹkan kan sọ, ohun tí mo sì sọ náà kò nítumọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ délé ná. Ẹ̀yin òbí mọ irú èsì bẹ́ẹ̀.

Mo ti jókòó ti ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà. Mo wá rí i pé kí n tó lè dá ọmọ náà lóhùn, àfi kí n mọ ẹni tó ti wà nínú ilé tí à ń gbé kí àwa tó dé ibẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa nínú ìjọ yìí ló ń gbé inú àwọn ilé bíríkì tó jọra wọn, tí ọgbà kékeré wà níwájú wọn, tí ọgbà gígùn sì wà lẹ́yìn. Becontree ni orúkọ ẹ́síteèti náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, ìjọba ilẹ̀ yìí ṣèlérí ilé tó bójú mu fún àwọn ọmọ ogun tó padà dé, wọ́n sì ṣe òfin ilé kíkọ́ ní 1919. London County Council, ìyẹn kánsù Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà, wá gba ilẹ̀ ní Essex. Àbí ẹ ò mọ̀ pé Essex ni gbogbo ibí yìí wà tẹ́lẹ̀? Ọdún 1965 ni Barking àti Dagenham ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Lọ́ńdọ̀nù. Oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ẹ̀fọ́ àti ọ̀dùnkún tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbìn sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé ní 1921. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1935, ilé tó wà níbẹ̀ ti lé ní 25,000, kò sì sí ẹ́síteèti kánsù mìíràn lágbàáyé nígbà náà tó tóbi tó o.

Dagenham tí kò ní ju nǹkan bí 9,000 ènìyàn lọ ní 1921 ti ní bíi 89,000 ní 1931. Ìlú kan di ìlọ́po mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́wàá! Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé irú àyípadà tó ń bá àdúgbò wa láti ogún ọdún wá yìí kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ fi ìṣirò yẹn hàn án.

Ta wá ni àwọn tó ń kó bọ̀? Àwọn òyìnbó tálákà ni, láti Poplar, láti Stepney, láti Bethnal Green, níbi tí ìdílé kan ti máa ń há sínú yàrá kan, tí ilé bíi mẹ́ta á jọ máa lo ṣáláńgá kan. Àwọn ará Essex tó ti wà níbẹ̀ kò fi ìlù àti ijó pàdé wọn. Ilé ló kọ́kọ́ dé. Ilé ìwé, dókítà àti ṣọ́ọ̀bù ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kánsù fún àwọn ayálégbé ní òfin tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa mọ́: kí wọ́n nu fèrèsé, kí ọgbà iwájú ilé mọ́ tónítóní, kí wọ́n gé igi tó yí ọgbà náà ká kó tẹ́jú. Ẹ rántí igi yẹn o, mo ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Kódà, kì í ṣe àwọn yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá tó sì lọ. Ìlú apẹja ni Barking ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Wọ́n a máa da omi sórí pápá nígbà òtútù kó lè di yìnyín, yìnyín yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wá mú kó rọrùn láti kó ẹja wá láti etí òkun gan-an, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja kó lọ sí ìhà Yarmouth. Ìlú ṣófo fún ẹlòmíràn.

Mo ní ìyá kan ládùúgbò, òyìnbó ni, ògiri kan ló ya ilé wa nípa. (Kì í ṣe aláìsàn mi o, nọ́ọ̀sì kì í kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú ìwé ìròyìn. Aládùúgbò mi ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun.) Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí ní 1938. Poplar ni bàbá rẹ̀ ti wá, iṣẹ́ Ford ló sì gbé e dé ibí. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò ní Dagenham. Nígbà tó gbòòrò jù, ní àwọn ọdún 1950 sí 1959, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin 187 tó ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1968 nítorí pé owó wọn kò tó ti ọkùnrin. Ìyanṣẹ́lódì yẹn wà lára ohun tó bí òfin owó iṣẹ́ ọgbọọgba ti 1970. Bí ẹ bá ń gba owó kan náà pẹ̀lú ọkùnrin lọ́la, àwọn ìyá ará Dagenham wà nínú ẹni tí ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá yìí sọ fún mi pé nígbà tí ìyá òun kọ́kọ́ wọ ilé náà, ṣe ló jókòó sórí àtẹ̀gùn tó bú sẹ́kún, nítorí pé ó rí balùwẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìyá òun kò gbàgbé títí tó fi kú pé ẹnì kan tó ń tajà ní abúlé àtijọ́ kọ̀ láti ta àwìn fún un. Ó ní àwọn ará East End kì í san gbèsè. Wọ́n dọ̀tí, wọ́n bímọ jù, wọ́n ń pariwo jù. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, gbogbo èyí tí wọ́n sọ sí yín yìí, wọ́n ti sọ ọ́ sí èmi náà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà yẹn n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí àwa ṣe dé. Ní 1980 ìjọba ṣe òfin tó fún ayálégbé kánsù lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilé tó ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tó lè tó ìdajì iye owó ilé náà. Àwọn ará Becontree rà á. Ta ló máa kọ irú rẹ̀? Nígbà tó yá, àwọn kan tà á, wọ́n kó lọ sí ìsàlẹ̀ Essex tàbí etíkun. Àwọn mìíràn kú, àwọn ọmọ wọn sì tà á. Kánsù kò kọ́ ilé tuntun tó láti fi dí àlàfo èyí tí wọ́n tà. Ford náà ń dín òṣìṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, títí tí wọ́n fi ṣíwọ́ mọ́tò ṣíṣe ní 2002; ẹ́ńjìnnì ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ilé pọ̀ fún títà, iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́, ó sì pẹ́ tó jẹ́ pé agbègbè wa yìí ni ilé ti dínwó jù lọ ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti gbé inú yàrá kan ní Peckham pẹ̀lú ọmọ méjì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tó pè wá jọ láti fi wá gba ìlú ẹnikẹ́ni. Ilé tó ṣeé rà là ń wá.

Ní 2005 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ kó dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ òṣèlú BNP, tó sọ ní gbangba pé àwọn kò fẹ́ irú wa nílẹ̀ yìí, wọ àga méjìlá nínú mọ́kànléláàádọ́ta ní kánsù wa. Wọ́n ti pín ìwé kiri ilé dé ilé, wọ́n ní ètò ìkọ̀kọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọ Áfíríkà ní 50,000 pọ́n-ùn kí wọ́n lè wá ra ilé ní Essex. Irọ́ gbuu ni. Nínú ìjọ tí a wà nígbà náà, a fi ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ẹnì kan á ní, "Ẹ̀yin ará, ta ló ti gba tirẹ̀?" Ẹ̀rín á sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá parí iṣẹ́ òru, tí mo dúró ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lábẹ́ kóòtù mi, ẹ̀rín kọ́ ló máa ń wà lẹ́nu mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà mi. Mo ti tọ́jú irú rẹ̀ mélòó ní òru yẹn nìkan!

Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún 2010 ni ìdìbò tún dé, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ti kánsù lọ́jọ́ kan náà. Olórí ẹgbẹ́ náà, Nick Griffin, jáde du Barking fúnra rẹ̀. Oríṣiríṣi ènìyàn, funfun, dúdú, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, ló kan ilẹ̀kùn ilé dé ilé. Margaret Hodge fẹ̀yìn Griffin balẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì pàdánù gbogbo àga méjìlá. Kò ku ẹyọ kan. Ọdún yẹn ni mo bí ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìkànìyàn fi iye àyípadà náà hàn. Ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Barking àti Dagenham, bíi 81 ló jẹ́ òyìnbó ọmọ Britain. Ní 2011, wọn kò pé 50. Ní 2021, ó ku bíi 31. Iye gbogbo ènìyàn lọ láti nǹkan bí 164,000 sí 186,000, ó wá di 219,000. Àwa aláwọ̀ dúdú jẹ́ bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2011, a sì jẹ́ 21 péré ní 2021. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Bangladesh, Pakistan, India àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ló fò láti 16 dé 26. Nítorí náà, àwa tí wọ́n ń pè ní ẹni tó ń rọ́ wọlé ní 2006 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ará ilé àtijọ́. Ohun mìíràn tó wà nínú ìkànìyàn yẹn, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí dì mú: kò sí agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní England àti Wales tí ìpín àwọn ọmọdé ibẹ̀ pọ̀ tó tiwa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni kò tíì pé ọdún 15. Ìlú ọmọdé là ń gbé.

Mo ti mọ ìyá aládùúgbò mi fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó sọ èyí tó kàn fún mi. À ń mu tíì nínú kíṣìnnì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dákẹ́, ó ní, "Ọdún tí ẹ dé yẹn, mo dìbò fún wọn." Mo mọ àwọn tó ń sọ. Ó ní ọmọ ọmọ òun ti forúkọ sílẹ̀ fún ilé kánsù láti ọdún pípẹ́, wọn kò fún un, ẹnì kan sì wá sí ẹnu ọ̀nà tó ní àwọn ará Áfíríkà ni wọ́n ń kó ilé náà fún. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ ni mo dìbò takò. N kò tíì mọ̀ ọ́ nígbà yẹn."

Ẹ̀yin ará, oníwàásù ni mí, mo sì ti wàásù lórí ìdáríjì ju ìgbà ogún lọ. Mo gbé ife tíì sílẹ̀, mo lọ sílé, n kò sì kí obìnrin yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà, tí wọ́n jọ wà fún ọgbọ̀n ọdún, ló ta ilé tí à ń gbé fún wa. Ọ̀rẹ́ yẹn ra ilé náà lọ́wọ́ kánsù ní ẹ̀dínwó, ó tà á ní owó gidi, ó kó lọ sí Clacton. Àwa ṣì ń san gbèsè rẹ̀ fún báńkì títí di oní. Ta ló wá gba ilé lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀?

Nígbà tí mo padà lọ, ohun tí mo sọ fún un gan-an nìyẹn, n kò fi epo pa á. Ó gbọ́ mi parí. Ó wá ní òun mọ̀ báyìí. Ó ní ṣùgbọ́n kí èmi náà gbọ́ tòun: gbogbo ẹni tí òun bá lọ sílé ìwé ti lọ, àwọn kan sí Clacton, àwọn kan sí Basildon, àwọn tó kù sí itẹ́ òkú. Ilé ọtí tí ọkọ òun ti máa ń ta ọfà ti palẹ̀ mọ́. Òun lè rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù kí òun má gbọ́ èdè tí òun gbọ́. Ó ní, "N kò kúrò níbì kankan, síbẹ̀ mo wà ní ìlú òkèèrè."

Èmi tí mo kúrò nílé mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Nínú iṣẹ́ mi, mo máa ń wọ ilé àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì nìkan ni ènìyàn tó bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ àdúgbò rẹ̀ ló kórìíra wa. Àwọn kan kórìíra wa lóòótọ́, irọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. A kò gbọ́dọ̀ pe irọ́ ní ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni olópùúrọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ bá, pàápàá bí kò bá sí ẹlòmíràn tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ kí ìdìbò 2006 tó dé, n kò sì kan ilẹ̀kùn yẹn rí. Ẹni tó mú ìwé irọ́ wá ti kàn án.

Ó wá ku àwọn tí à ń pè ní àjèjì nínú gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àwọn ará Romania àti Bangladesh nìkan kọ́. Àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀, àwọn tí a máa ń rẹ́rìn-ín tí a sì ń pè ní JJC. Ní oṣù Kejì 2022 ni ìjọba ṣí físà fún àwọn tó ń wá ṣe iṣẹ́ care, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera. Ọ̀pọ̀ ló ta ilẹ̀, ta mọ́tò nílé, wọ́n bá a wá. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó bá fi iṣẹ́ náà wá kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún ẹni tuntun láti òkèèrè. Àwọn tó ti wọlé wà láàárín wa: olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, tí wọ́n ń fọ ara arúgbó láti aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí wọ́n ń gba owó yàrá kan fún ènìyàn mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n há sínú yàrá. Kí ni ìyá Poplar ń ṣe? Kí ni èmi ń ṣe ní Peckham?

Mo sì ti gbọ́ ọ nínú ìjọ pé, "Àwa kò rọ́ wọlé báyìí nígbà tiwa." A rọ́ wọlé o. Ìwé ìkànìyàn wà níbẹ̀.

N kò bá ẹni tó ń kó lọ sí Grays, Tilbury tàbí Chelmsford jà. Ọmọ ń dàgbà, yàrá kò tó, owó ilé gàrà. Ìkànìyàn kan náà fi hàn pé iye wa ti pọ̀ sí i ní Thurrock. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé a ń rìn ní ojú ọ̀nà kan náà tí àwọn òyìnbó Becontree tọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu wa bí a ti ń lọ. Ẹnì kan á sì máa wo ẹrù wa láti ojú fèrèsé ní Grays.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ mìíràn wà lábẹ́ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò kó ẹrù sílẹ̀ tán níbí rí. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé; òwe yẹn wà lẹ́nu wa ní gbogbo ìgbà, "ọdún márùn-ún sí i, màá padà sílé" sì ti di ogún ọdún. Nínú ìwé Jeremáyà, orí 28 àti 29, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà sọ fún àwọn ènìyàn pé ìgbèkùn Bábílónì kò ní ju ọdún méjì lọ. Ìwàásù tó dùn ni, bóyá wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Jeremáyà ló kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà lọ́hùn-ún pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ó dá mi lójú pé lẹ́tà yẹn kò dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Bábílónì, ibo ni wọn ì bá pè nílé bí àwọn òbí wọn bá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn jókòó sórí àpótí ẹrù?

Ọgbà gbíngbìn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú níbí lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nítorí pé a wà nínú Commonwealth. Kò dìgbà tí a bá gba pásípọ́ọ̀tù Britain. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín sì tó láti fi hàn ní ibùdó ìdìbò. Ó yà mí lẹ́nu iye àwọn tó ti ṣe ọdún mẹ́wàá tí wọn kò mọ̀. Ilé ìwé ń wá òbí tó máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń pariwo lórí ẹ̀kọ́ ọmọ, mélòó nínú wa ló wà níbẹ̀? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ bí a ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Bóyá ìdí tí ìdọ̀tí fi wà níwájú ilé nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ sí Valence House ní Becontree Avenue lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ìtàn ibi tí wọ́n ti bí yín wà níbẹ̀, tiyín sì ni.

Ẹ rántí igi iwájú ilé tí mo sọ. Ọdún kejì tí a dé ni ìyá òyìnbó yìí kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi, àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà mi já. Mo rò pé ìjà dé. Ó ní igi wa ti ga jù, pé ìyá òun gba lẹ́tà ìkìlọ̀ lọ́wọ́ kánsù nítorí irú rẹ̀ nígbà kan, pé bóyá kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e. Lóòótọ́, kò sí. Ó dúró tì mí fún wákàtí kan, ó ń bú mi bí mo bá gé e wọ́.

Lóṣù tó kọjá, ìdílé kan kó wọ ilé tó wà ní apá kejì wa, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, láti Sylhet. Ní Sátidé, mo jí, n kò rí ọmọbìnrin mi nínú yàrá rẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé. Òun ló wà níwájú ilé wọn pẹ̀lú àlùmọ́gàjí yẹn, ọmọkùnrin wọn àgbà di àpò ìdọ̀tí mú, ìyá òyìnbó wa jókòó sórí àga tí wọ́n gbé jáde fún un, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan rẹ̀, ó ń pariwo pé apá òsì kò tẹ́jú.